Ojú Ìyá Mi Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Ìkórè

Dókítà ojú tí a lọ bá ní Adó kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní ojú ọ̀tún bàbá mi ti lọ pátápátá, tòsì náà ò ní pẹ́ tẹ̀lé e, kí Bàbá yáa wo ohunkóhun tó bá fẹ́ wò láyé. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó gba ìwé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. A wọ mọ́tò padà sí Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí a wọ ulé, bí Bàbá ṣe máa ń pe ilé nìyẹn, ó jókòó, ó ní, "Ìyá yín ni mo fẹ́ wò."

Ìyá mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà.

Ẹ máa ní ṣé kò sí fọ́tò ni. Fọ́tò wà, ó kún inú àpótí. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò lọ ya fọ́tò rí láìkọ́kọ́ fi páúdà bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Pélé mẹ́ta mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tín-ín-rín, ìkẹta ti apá òsì sì wọ́ lọ síbi ẹnu, nítorí pé ó jà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ fún un lọ́mọdé. Ìgbà tí à ń gbé Èkó, àwọn aládùúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé kò fẹ́ kí ilà náà hàn nínú fọ́tò kankan. Bàbá mi nìkan ló fẹ́ràn ilà yẹn. Bó bá jẹun tán, á fi ìka tọ èyí tó wọ́ náà títí dé ẹnu rẹ̀, ìyá mi á gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù: "Bàbá yìí, ṣé ojú mi ni pátákó tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ iléèwé?" Àwọn méjèèjì á wá máa rẹ́rìn-ín.

Ibi kan ṣoṣo tí ojú ìyá mi ti wà bó ṣe wà gan-an ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa. Ó ru iṣu lọ síbi pẹpẹ, òógùn ti fọ páúdà dànù, ló bá rí ẹni tó ń ya fídíò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má yà mí o, mo ti làágùn!" Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n àjà tó ń jò ni kásẹ́ẹ̀tì náà ti wà, ó ti bu funfun. Bí a bá fi í sínú ẹ̀rọ, àfi bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí ojú rẹ̀ pé gan-an ní láti máa wá èèyàn nínú rẹ̀, ká má tíì sọ bàbá mi.

Èmi ni mo ní kọ̀ǹpútà nílé. Mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń to fídíò ìgbéyàwó pọ̀, kí n tó padà wálé wá ṣe tíṣà ní Èmùré. Mo sì ní ìgbéraga. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Mo sọ fún Bàbá pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Màá fọ̀ ọ́ mọ́ fún yín." Mo gba fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà. Sọ́fútíwíà méjì tó ń fọ fídíò mọ́ ló wà lọ́wọ́ mi, inú sídíì tí ọ̀gá mi àtijọ́ fún mi.

Èkíní ń falẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Fídíò, àwòrán kéékèèké ni, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì. Sọ́fútíwíà yìí á mú àwòrán kan, á wo èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e. Ohun tó bá yọ lẹ́ẹ̀kan tó sì pòórá, ó mọ̀ pé ìdọ̀tí ni, á yọ ọ́. Ohun tó bá dúró síbẹ̀, á fi í sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré lè gbà á ní ọjọ́ kan gbáko, bí iná bá sì lọ, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Iná sì ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú iná lọ, mo gbé àwọn oníná ṣépè títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Díẹ̀ tó sì rí ṣe, òjò ṣì ń kán nínú rẹ̀.

Èkejì ò ní sùúrù, ó jọ èmi gan-an. Ohunkóhun tó bá ti tín-ín-rín, tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tó yí i ká, pípa ló ń pa á rẹ́. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni, mo fà á dé òpin. Wákàtí méjì, ó ti parí. Ṣíọ̀! Mo ní kí ni mo ti ń ni ara mi lára sí látọjọ́ yìí? Mo wò ó: aṣọ ìyá mi mọ́, pẹpẹ mọ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Èyí ni mo mú.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó rán mi. Kọ̀ǹpútà ti kún, kò gba fáìlì méjì, mo pa èyí tí kò tíì mọ́ rẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ò sí nílé, ọ̀sán Sọ́ńdè sì ni, gbogbo ìsọ̀ wà ní títì. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà: bí wọ́n bá ti ṣẹ́ etí kásẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni má bàa gba nǹkan mìíràn lé e lórí, ìwọ á fi sẹ́lótéèpù dí ihò rẹ̀, ẹ̀rọ á sì gbà. Báyìí la ṣe ń gba fíìmù lé ìsìnkú lórí, tí à ń gba ìwàásù lé fíìmù. Mo fi eyín já sẹ́lótéèpù, mo dí i, mo gba ojú tó ń dán lé ojú àtijọ́ lórí. Mo ní kí la tún fẹ́ fi èyí tó ń ṣòjò ṣe? Bàbá ti wọ agbádá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń dúró.

Èdè Ìkẹ́rẹ́ ni bàbá mi ń sọ nílé. Ṣùgbọ́n tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, bí inú bá bí i, Yorùbá inú Bíbélì ló máa ń bọ́ sí. Ó gbé àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Mo tẹ ẹ̀rọ. Ìyá mi ru iṣu, ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má yà mí o, mo ti làágùn!" Mo dá a dúró níbi ẹ̀rín náà, bó ṣe ní kí n ṣe. Ó gbé ìka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi lórí gíláàsì, ó ń wá. Ó wá apá òsì, ó wá apá ọ̀tún. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wá.

"Dá a padà," ó ní. Mo dá a padà. Ohùn náà tún sọ̀rọ̀.

"Ohùn ìyá rẹ nìyí," Bàbá ní, ní Yorùbá inú Bíbélì yẹn. "Ta ni obìnrin yìí?"

"Bàbá, Màmá ni. Ẹ wo aṣọ ọrùn wọn."

"Èmi kò béèrè aṣọ lọ́wọ́ rẹ. Níbo ni ilà rẹ̀ wà?"

Mo ní bóyá ìmọ́lẹ̀ ni, mo ní bóyá ẹ̀rọ ni. Ó ní kí n gbé ti tẹ́lẹ̀ wá, èyí tó ń ṣòjò, òun á fara da òjò. Mo ní kò sí mọ́. Ó ní kò sí bíi ti báwo? Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò wá etí rẹ̀, ó kan sẹ́lótéèpù. Kò sí ohun tí mo ní láti ṣàlàyé mọ́, òun náà ti gba ìròyìn lé nǹkan lórí rí.

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ìbá sàn fún mi. Ó jókòó síbẹ̀ tòun ti agbádá, omi ń dà lójú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ti lọ àti èyí tó ń lọ. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ti padà sí èdè ilé. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé èmi tí mo fọ̀ ọ́, ṣé mi ò rí i ni, pé ilà ò sí níbẹ̀ mọ́?

"N ò rí i, Bàbá."

Ó mi orí. Ó ní ó dáa, ẹ̀rọ ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Ó ní kí n má sunkún. Kí iṣu tuntun tó jáde lọ́dún náà, kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́ rárá, títí ó fi kú kò sì dá mi lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan.

Irọ́ ni mo pa fún un. Mo rí i. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rí ìyá mi láìsí ilà, mo rántí àwọn ọmọ kíláàsì mi l'Ékòó tí wọ́n ń pè mí ní ọmọ okolà, mo rántí ọjọ́ tí mo sọ fún un pé kó má wá sí iléèwé wa mọ́. Mo wo ojú dídán yẹn dáadáa. Mo ní ó yẹ Màmá, mo sì tẹ bọ́tìnnì tó gbà á lé ti àtijọ́ lórí.