Ọ̀rọ̀ Márùn-ún Lójúmọ́

Kòtú ni gbogbo àdúgbò ń pe jórinjórin yìí, nítorí ohunkóhun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀ kì í tú mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni nígbà tí iléeṣẹ́ kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nílẹ̀ òkèèrè rí àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ní àwọn ń fẹ́ ẹ. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kó yege nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọkùnrin tó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá ni o. Síbẹ̀ kò bẹ̀rù. Ó ra ìwé kan tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọ̀rọ̀ nínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í há a sórí láti ojú ewé àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi há a dé lẹ́tà D. Nígbà tó ṣí ìwé ìbéèrè lọ́jọ́ ìdánwò, àfi bí ẹni pé àwọn tó kọ ọ́ mọ ibi tó kà dé. Láti E lọ sísàlẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó le ti wá. Àwọn tó tiẹ̀ há sórí pàápàá, nígbà tó bá wọn pàdé láàárín gbólóhùn, kò dá wọn mọ̀ mọ́. Ó fìdí rẹmi.

Ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ti ń bá a gbé látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "gúdù mọ́nì" lọ. Lọ́jọ́ tí èsì dé, ó bá ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lórí bẹ́ǹṣì, tó ń wo ìwé náà bí ẹni ń wo olè.

"Mú ọ̀kan níbẹ̀, kí o sọ ọ́ fún mi."

"Màmá, Gẹ̀ẹ́sì ni o."

"Mo mọ̀. Tó bá yé ìwọ, wàá lè jẹ́ kó yé èmi náà."

Kòtú mú "reluctant". Ó ka ohun tí ìwé wí, ó sì túmọ̀ rẹ̀: ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan tọkàntọkàn. Màmá mirí.

"Kò yé mi. Ta lo rí tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí?"

Kòtú ronú títí. "Ẹ rántí bí bàbá wa ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá ní kí wọ́n sìn yín lọ kí ẹ̀gbọ́n yín? Wọ́n á ti wọṣọ tán, wọ́n á wá máa wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn káàkiri ilé."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Màmá. "Ó yé mi wàyí! Rilọ́tántì ni bàbá rẹ!"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́, kò lé, kò dín. Kòtú á fi ṣọ́ọ̀kì kọ wọ́n sára irin tó bá ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kí ojú rẹ̀ lè máa bọ́ sí wọn. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ti rí ìtàn sọ nípa rẹ̀, Màmá kì í gbà á. "Gbé e padà," lá wí, bí ẹni tí wọ́n gbé ọjà tó bàjẹ́ wá fún.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì wá wo géètì tó ní kí wọ́n ṣe fún òun. Ó rí "reluctant" gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo iṣẹ́ ò jẹ́ kí Kòtú gbọ́ ohun tó ń bi í, ló bá yíjú sí Màmá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Màmá, ṣé géètì mi ni kò fẹ́ máa ṣí ni?"

Màmá bá sọ ìtàn bàtà náà fún un látòkè délẹ̀. Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó báyìí?"

"Èmi kọ́. Ọmọ mi ló gbọ́ ọ. Àròyé rẹ̀ ni èmi ń gbọ́."

Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe é. Ní oṣù keje, ó sú Kòtú. Ó ní orí òun ti kún. "Orí rẹ ni àbí garawa?" ni Màmá dá a lóhùn. "Mú márùn-ún wá."

Ó padà lọ jókòó síbi ìdánwò. Àyọkà kan sọ̀rọ̀ nípa àwọn apẹja inú adágún, "dwindle" sì wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé rẹ̀, tí kò sì rí rí. Òógùn bò ó. Lẹ́yìn náà ló bi ara rẹ̀ léèrè: ta ló ń ṣe é? Apẹja mẹ́wàá ló ń lọ tẹ́lẹ̀, wọ́n di mẹ́fà, wọ́n di méjì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́: wọ́n ń dín kù ni. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ sísọ, ó ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè fi òòlù lu irin kó sì fi etí mọ̀ bóyá ó jó wọra dáadáa. Obìnrin tó ń dán an wò gbé bírò sílẹ̀, ó ń tẹ́tí gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, èsì wọlé sórí fóònù níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Máàkì mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ni iléeṣẹ́ náà ń fẹ́. Méje ló gbà.

"Níbo ni méje náà wà?" ni Màmá bi í. Kòtú nàka sí i. Màmá fi etí ìró rẹ̀ nu ojú fóònù náà, ó tún wò ó. "O kú iṣẹ́, ọmọ mi."

Ojú Kòtú, tó ti wo iná fún ọgbọ̀n ọdún, rọ̀ fún omijé.

Màmá kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin nígbà tí Kòtú rìnrìn àjò lọ sílẹ̀ òkèèrè. Lónìí, Kòtú ló ń yẹ iṣẹ́ àwọn jórinjórin yòókù wò níléeṣẹ́ náà, tó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìjábọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ìjábọ̀ yẹn ni ọ̀gá ibẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì, máa ń kà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.