Bíríkìlà Tí Kì Í Kọjá Géètì

Ógúnrégé là ń pè é, nítorí ohun tó máa ń wí nìyẹn bó bá ti fojú wọn ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ tán: "Ó gún régé." Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń mọ ilé fún ẹni ẹlẹ́ni, yàrá méjì péré lòun fúnra rẹ̀ sì ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi gan-an. Mo mọ ikọ́ rẹ̀, mo mọ ẹ̀rín rẹ̀, mo sì mọ ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ń sá fún láyé. Ilé ìwé ni.

Ọmọbìnrin kan ló bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àràárọ̀ ló ń mú un lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wa, níbi tí ọmọ tèmi náà ń lọ. Á mú un sọdá títì, á tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó bá ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n kan géètì, á sì padà sí òdìkejì bí ẹni tí ajá ń lé. Ibẹ̀ ni yóò dúró sí títí ọmọ yóò fi wọlé. Ìyàwó rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn, ló ń lọ sí ìpàdé òbí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ padà, kò sẹ́ni tó lọ mọ́.

Ó nídìí. Ó sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ jókòó lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tísà rẹ̀ ní kó dìde kàwé. Èdè inú ìwé náà kì í ṣe èdè ilé wọn, ó sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Tísà bú sẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì bá a rín in. Wọ́n ní kó tún un pè, ó tún un pè, ẹ̀rín tún sọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì, kò sì padà sẹ́yìn mọ́.

Ilé ìwé àwọn ọmọ wa yìí sì wá jẹ́ àmúlùmálà. Nínú kíláàsì ọmọ mi nìkan, èdè mọ́kànlá ni wọ́n ń sọ. Bí lẹ́tà bá ti ilé ìwé wá, èdè ilé ìwé náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa á kàn ká a, á tì í sí kọ̀rọ̀. Láàárín oṣù kan, tísà ọmọ Ógúnrégé kọ lẹ́tà mẹ́ta sí i, pé kó jọ̀ọ́ wá rí òun. Ó gbà pé ọmọ ti dáràn. Ó bi ọmọ, ọmọ ní òun ò ṣe nǹkan kan. Bó ṣe kó lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ibùsùn nìyẹn.

Òjò ló gbé e wọlé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan lòjò fi rọ̀ tí kò dá. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bó ṣe dúró sí òdìkejì títì, ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sára ògiri ọgbà. Ògiri náà ti yọ ikùn. Ẹlòmíràn lè má rí i, ṣùgbọ́n ojú bíríkìlà lojú tirẹ̀. Lábẹ́ ibẹ̀ gan-an sì ni bẹ́ǹṣì gígùn kan wà, níbi tí àwọn ọmọ kéékèèké máa ń jókòó sí de ẹni tí yóò wá mú wọn lọ sílé.

Ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo bí ẹni pé òun ru àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ó rò ó pé ọ̀gá òun ń dúró de òun níbi iṣẹ́. Ó rò ó pé ẹlòmíràn á rí i. Nígbà tó yá, ó sọdá, ó sì gba géètì wọlé.

Ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin àgbà kan tó ní sùúrù, kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ló ń wá. Èdè ilé ìwé tó wà lẹ́nu Ógúnrégé kò ju ká kí èèyàn lọ. Ó ń fọwọ́ júwe, obìnrin náà ń mirí, kò sì yé e. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀, òun àti tísà rẹ̀ sì jọ wá.

"Sọ fún wọn pé ògiri yẹn ti lóyún," ni bàbá rẹ̀ wí. "Bí òjò bá tún rọ̀, ó máa bí. Kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kúrò, kí ẹnikẹ́ni má sì gba ibẹ̀ kọjá."

Ọmọ náà wolẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló gbórí sókè, ó sì rò ó fún wọn ketekete, àti oyún àti ìbímọ. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì fi okùn pààlà síbẹ̀. Ọmọ ni tísà ń wò ní tirẹ̀, tí kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí kò sí ẹ̀dá kankan nínú ọgbà, ògiri náà bí lóòótọ́. Mo bá Ógúnrégé àti ọmọ rẹ̀ lọ wò ó. Bíríkì bo ibi tí bẹ́ǹṣì wà tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ógúnrégé fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn á kó bíríkì, yanrìn àti sìmẹ́ǹtì wá, ṣùgbọ́n pé ó di oṣù mẹ́ta kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ráyè. Ógúnrégé ní òun á mọ ọ́n, bí òun bá ti rí ẹni ràn òun lọ́wọ́. Ọ̀gá ilé ìwé kọ lẹ́tà sí gbogbo òbí. Èèyàn mẹ́rin ló wá ní Sátidé, èmi sì ni ọ̀kan.

"Ẹ má fìwé pè wọ́n mọ́, mà," ni Ógúnrégé ní kí ọmọ rẹ̀ bá òun sọ fún ọ̀gá ilé ìwé. "Àwọn ọmọ wọn ni kẹ́ ẹ rán. Kí kálukú fi èdè ìyá rẹ̀ jíṣẹ́. Kí wọ́n má sì pè é ní ìpàdé o, kí wọ́n pè é ní iṣẹ́."

Ní Sátidé kejì, a lé ní ogójì. Awakọ̀ wá, aṣerunlóge wá, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì wá tìyẹ̀fun tìyẹ̀fun lára. Ìyá àgbà kan gbé àpótí tirẹ̀ dání, ó jókòó, ó ní òun ò lè gbé nǹkan kan ṣùgbọ́n òun á máa wo ẹni tó ń ṣọ̀lẹ. Ọ̀pọ̀ wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wọ ọgbà náà nìyẹn. Ọmọ Ógúnrégé dúró lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ohun tí bàbá rẹ̀ bá sọ, á sọ ọ́ fáwọn ọmọ, àwọn ọmọ á sọ ọ́ fún òbí wọn. Ọ̀rọ̀ á gba ẹnu mẹ́wàá kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé ṣọ́bìrì. Nígbà kan, Ógúnrégé ní kí wọ́n bu omi wá, yanrìn ni wọ́n gbé dé. Ẹ̀rín pa gbogbo wa, òun náà rín in títí ó fi jókòó.

Nígbà tí ògiri kan ìbàdí, a sinmi. Tísà wá bá Ógúnrégé níbi tó jókòó sí, ó kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé, ó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọmọ ló ń túmọ̀, àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì.

"Kí ni wọ́n wí?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ní... wọ́n ní oṣù márùn-ún tí mo ti wà ní kíláàsì àwọn, àwọn ò gbọ́ ju 'bẹ́ẹ̀ ni' àti 'bẹ́ẹ̀ kọ́' lẹ́nu mi. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn. Wọ́n ní ṣé èmi náà ló wà lórí korobá láàárọ̀ yìí."

"Kí ló dé tí o kì í sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má fi mí rẹ́rìn-ín."

Ógúnrégé wo ọwọ́ rẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún tísà ohun tó sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì, ọmọ rẹ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tó parí, ọmọ náà dìde, ó sì lọ fara ti bàbá rẹ̀. Tísà ní ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kò ní wáyé níwájú òun.

Sátidé mẹ́ta la fi mọ ògiri náà. Ìpàdé òbí ti kúrò láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ó ti di ti Sátidé, àwọn ọmọ ló sì ń jíṣẹ́ rẹ̀ nílé. Ógúnrégé wà nínú ìgbìmọ̀. Orí àga àwọn ọmọdé ló máa ń jókòó sí, tí orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tísà ti yí ìjókòó ọmọ rẹ̀ padà nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù ní kíláàsì. Ìyàwó Ógúnrégé ní ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún ẹnu yẹn.

Kì í ṣe gbogbo òbí ló ti ń wá. Télọ̀ kan wà nísàlẹ̀ ilé wa tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kìn-ín-ní. Kò tíì débẹ̀ rí. Ógúnrégé máa ń lọ jókòó tì í lọ́sàn-án Sọ́ńdè, wọ́n á sọ̀rọ̀ aṣọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, kò jẹ́ dárúkọ ilé ìwé. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ kó yé e. Ó ní òun ò kánjú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, télọ̀ náà ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́, kò gbórí sókè, ó kàn béèrè pé ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe ìpàdé yẹn. Ógúnrégé ní Sátidé ni, aago mẹ́wàá.