Àwòrán Tí Kò Fẹ́ Oòrùn

Clara, ayàwòrán Pópó Yemọja, kì í lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Oògùn ló ń fi kun kánfáàsì, á tẹ́ fíìmù fọ́tò lé e, á sá a sóòrùn, àwòrán á sì yọ láwọ̀ aró.

Èyí tó yà fún Alàgbà Hezekiah, oníbàárà rẹ̀ kan, ga ju ilẹ̀kùn lọ. Clara kìlọ̀ fún un: “Ẹ má gbé e síta o, bàbá. Oòrùn tó bí i náà ló máa pa á.”

“Ṣé inú ilé làwọn ará Bẹẹrẹ á ti máa rí mi?” Ló bá gbé e kọ́ sí iwájú ilé.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ojú Alàgbà inú àwòrán náà fi ṣí bí àkísà. Ó dé, ó ń bú Clara.

“Ẹ gbé ara yín pa mọ́ sókùnkùn fọ́jọ́ díẹ̀, bàbá. Ojú yín á padà.”

Ó padà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kí Alàgbà gbé e jáde mọ́. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ wo ògo Alàgbà, àfi kó tan tọ́ọ̀ṣì wọ yàrá ìkẹ́rù, kó sì tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ eku.