Mínísítà Tí Kò Yọwó

Iwájú ìsọ̀ mi ní Tejúoṣó ni ojú mi ti rí i pé èèyàn lè mójú tó àpò ìjọba fún ọdún gbọọrọ, kó má sì mọ bí wọ́n ṣe ń ra àǹkárá.

Bàbá yìí ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó rí. Wọ́n yọ ọ́, inú bí i, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ alátakò, ó wá ń wá ìbò wa. Ìlà ọjà tiwa, ẹni tá a bá fẹnu kò lé lórí ni gbogbo wa ń dìbò fún. Èmi ni mo sì ń pariwo rẹ̀ kiri: "Ẹni tó mọ owó ni o!" Aládùúgbò mi tó ń ta bàtà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó dé ná."

Ó dé lóòótọ́, tòun ti kámẹ́rà. Ó di àǹkárá kan mú.

"Màmá, èló ni?" Ẹni tó lè bí mi o!

Mo ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ẹ gbọ́, méjìlá ni mo rà á. Ọgbọ̀n yẹn, ìkíni lásán ni. Ìwọ náà á dá mi lóhùn pé mẹ́jọ, màá ké bí ẹni tí àkéekèé ta, wàá kẹ́yìn sí mi, màá pè ọ́ padà. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ka ọgbọ̀n jáde.

Mo ṣẹ́jú sí i títí. "Dádì, ẹ yọwó o!"

"Rárá, màmá, ẹ jèrè."

Oníbàtà pàtẹ́wọ́. "Yéè! Bó ṣe ń rajà fún ìjọba nìyẹn!"

Ẹ̀rín bú. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín títí ìró fi fẹ́ tú nídìí mi. Kí ni ǹ bá ṣe? Kò rí ìbò ìlà wa, kò sì wọlé. Mi ò sọ pé àwa la fà á. Mi ò sì sọ pé àwa kọ́.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, òun nìkan dé, kò sí kámẹ́rà, ó gbé agbòòrùn dání.

"Èló ni eléyìí?"

"Ọgbọ̀n."

"Mẹ́jọ."

Mo ké! Ó fa aṣọ sí oòrùn, ó ní ó ti ń ṣá. Ó ní mẹ́tàlá ni òun máa san kẹ́yìn, ló bá kẹ́yìn sí mi. Ó kọjá ìsọ̀ kan, ó kọjá èkejì, kò bojú wẹ̀yìn.

"Dádì, ẹ padà wá gbà á!"

Bó ṣe ń lọ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, oníbàtà ò lè mú un mọ́ra. "Dádì, ẹ wo bàtà! Ogójì péré!"

Kò tiẹ̀ dúró. "Mẹ́wàá!"

Gbogbo ìlà hó yèè. Mo sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo rẹ̀ kiri.