Ọrùn Tí A Lọ́ ní Ìpàdé Ọmọ Ìlú

Àdí tó ti kan àti káńfọ̀ ni gbọ̀ngàn tí àwa ọmọ ìlú wa tó ń gbé lẹ́yìn odi ti ń ṣèpàdé ní Sapele Road máa ń rùn, òórùn náà ṣì ń rí mi lára dòní. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìpàdé ló ń kó o wá. Bàbá náà kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe ẹni tó ń to eegun. Àmọ́ tí ìpàdé bá ti tú lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ẹni tí ọrùn bá ń dùn á jókòó sórí àpótí, bàbá á fi àdí pa á, á sì lọ́ ọrùn náà títí eegun á fi dún. Bó bá ti dún, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ọrùn ọmọlọ́mọ ṣeré.

Túúlu ti ń yọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lẹ́nu láti ìgbà ọmọge. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Uwasota ni mò ń gbé nígbà tí mo wà ní yunifásítì, láwọn ọdún tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo mọ ìṣe àìsàn náà: á mú ẹ̀gbẹ́ kan orí, á máa bì, á ti fèrèsé pa, tó bá di ọjọ́ kejì ara á ti yá. Ṣùgbọ́n ní Sọ́ńdè kan tí a jọ lọ sí ìpàdé, apá òsì ọrùn rẹ̀ ti ń dùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

"Eléyìí kì í ṣe túúlu mi," ló wí. "Mo mọ túúlu mi. Rárá, mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ́ ọrùn mi."

Ta ló fẹ́ gbọ́? Ìyá kan ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí Yorùbá kì í jáde lẹ́nu rẹ̀, wo ojú ìyá rẹ̀, ó ní, "Mummy, your left eye don small o." A ní kó dákẹ́, àgbà ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí pé kí n gba òun sílẹ̀. Èmi akẹ́kọ̀ọ́, ojú àwọn àgbà ń tì mí, ni mo bá di èjìká rẹ̀ mú fún bàbá. Ọrùn dún. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì lè gbé e mọ́. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò ọrùn rẹ̀ tán ní ọsibítù, dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló ya nínú, ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀, èyí tó dì náà sì gba inú iṣan gòkè dé ọpọlọ, òun ló mú agbára kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó bèèrè bóyá túúlu máa ń ṣe é. Ó ní irú yíya bẹ́ẹ̀ máa ń bá àwọn onítúúlu ju àwọn ẹlòmíràn lọ, wọn ò tíì mọ ìdí rẹ̀ dájú, àti pé ìrora tuntun ni gbogbo èèyàn máa ń pè ní ti àtijọ́. Kò lè búra bóyá ó ti ya kí a tó lọ́ ọ, tàbí àwa la ya á. Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwa ò bẹ́ orí o, ọrùn tó gbé e dúró la lọ́.

Nígbà tó padà sílé, ọwọ́ náà ò tíì lè di bọ́tìnnì. Bàbá yìí kan náà tún gbé ìgò àdí rẹ̀ dé, ó fẹ́ wá fa ọwọ́ ọ̀hún.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ má fọwọ́ kàn mí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń ṣí ìgò. Mo dìde, mo dúró sáàárín wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó ní òun ò fẹ́." Inú bí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé á yìn mí.

"O ti wá rí ẹnu sọ̀rọ̀ báyìí," ló wí.

Kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí dòní. Ọ̀rẹ́ mi, mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Ìríra bàbá yẹn sì ti tán lára mi. Ti ọkùnrin tó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní rárá, tó sì dì í mú, ni kò tán.