Ìbọn Afẹ́fẹ́ tí Ìyàwó Mi Yàn

Mo ti lo ọdún mẹ́tàlá nídìí ẹ̀rọ kí ilé iṣẹ́ tí a ti ń hun aṣọ ní Ìkẹjà tó dá wa dúró. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀, ti wọlé, òwú tí à ń retí láti òkè òkun kò dé mọ́, wọ́n sì ní kí àwa kan ṣì máa gbélé ná. A gbélé títí a fi mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá pè wá. Yàrá méjì ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa mẹ́ta ń gbé ní Ìfàkò. Ilẹ̀ òfìfo kan wà lẹ́yìn ilé náà tí onílé fi sílẹ̀ fún koríko.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i pé ilẹ̀ yẹn wúlò. Aṣọ ló ń rán níwájú ilé, ṣùgbọ́n ta ló ń dá aṣọ tuntun nígbà náà? Nígbà tó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbé àgbébọ̀ márùn-ún àti àkùkọ kan bọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa ọmọ. Àwòdì ló sì kọ́kọ́ gbọ́, kí àwọn aládùúgbò tó gbọ́.

Orí ọ̀pẹ kan tó wà ní ìkángun ilẹ̀ náà ló máa ń bà sí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. A so aṣọ pupa mọ́ igi, a lu agolo, a hó lé e, kò gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti gbé mọ́kànlá lọ nínú òròmọdìyẹ mẹ́tàlélógún. A kò sì lè sé wọn mọ́lé, nítorí ẹni tó bá sé adìyẹ mọ́lé ni yóò máa bọ́ ọ, oúnjẹ adìyẹ sì ti di ohun tí à ń béèrè iye rẹ̀ tí a sì ń bá tiwa lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ìyàwó mi ṣe ń ṣa ìyẹ́ òròmọdìyẹ nílẹ̀, ó ní, "Baba àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká ra ìbọn afẹ́fẹ́. Èyí tí kì í lo ẹ̀tù, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta rẹ̀ jáde."

Mo ní, "Ìbọn? Lábẹ́ ìjọba ológun yìí? Wọn á ní adigunjalè ni mí."

"A ó gba ìwé àṣẹ."

Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Díẹ̀ ṣì kù nínú owó tí ilé iṣẹ́ fún wa nígbà tí wọ́n dá wa dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló mú mi gbà. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó sílé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun kan yóò wà tí mo lè jí lọ ṣe láàárọ̀.

A lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkẹjà tí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀lù, ìwọ̀ ẹja àti àwọn nǹkan eré ìdárayá. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó to ìbọn mẹ́ta sórí káńtà. Ti àkọ́kọ́ dúdú, ó ń dán, wọ́n de awò gígùn kan mọ́ ọn lórí tí a fi ń wo ọ̀kánkán. Ìkejì náà tuntun ni, ṣùgbọ́n kò ní awò. Tòkunbọ̀ ni ìkẹta, igi ìdí rẹ̀ ti ha káàkiri. Ti àkọ́kọ́ ni ọkàn mi lọ sí. Mo ti ń rí ara mi lẹ́yìn ilé, tí gbogbo àdúgbò dúró tí wọ́n ń wò mí.

"Ọ̀gá, ẹ wá dán an wò," ni bàbá náà wí. Ó mú wa lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti gbé páálí kan ti àpò iyanrìn, tí wọ́n fi yíǹkì ya òbìrí sí i láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ yin irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní láti ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń ṣẹ́ ìrèké, kí ó fi ọta kékeré kan sí i, kí ó tó dá a padà. Mo fi agbára ṣẹ́ ẹ títí iṣan ọrùn mi fi yọ. Mo yìn ín. Inú iyanrìn ló lọ, kò tilẹ̀ kan páálí.

Ìyàwó mi ní, "Ṣé mo lè wò ó?"

Èmi ni bàbá náà wò, kò wo ìyàwó mi. Mo mi orí pé kó gbé e fún un.

Ìyàwó mi gbé èyí tó dúdú lé èjìká, ó sì gbé e kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ó wúwo jù. Kí n tó gbé e tán, àwòdì á ti dé Àgbàdo." Ìkejì, ó ní ìdí rẹ̀ gùn ju apá òun lọ. Nígbà tó kan tòkunbọ̀, ó ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó yọjú wo inú rẹ̀. Ó mì ín létí bóyá oríkèé rẹ̀ ti yẹ̀. Ó fi ìka ra awọ kékeré tó wà níbi tí ọ̀pá ti pàdé ara ìbọn.

"Awọ yìí ti gbẹ, bàbá. Bí ẹ bá fi òróró sí i, ṣé yóò rọ̀?"

Bàbá náà gbé awò rẹ̀ sójú, ó wò ó dáadáa. "Yóò rọ̀, ìyá." Ó wá òróró, ó fi kán an.

Ìyàwó mi gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú. Ó mí sóde, ó dúró jẹ́ẹ́, ó yìn ín. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí bàbá náà mú páálí wá, kọ́bọ̀ kan ṣoṣo lè bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọdẹ ni wọ́n. Obìnrin mẹ́rin ni wọ́n bí. Wọ́n ní àwọn ò ní torí ìyẹn gbé ìmọ̀ àwọn lọ sí ọ̀run."

"O ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí rí."

Ọdún mẹ́jọ la ti fẹ́ra wa. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn ju bí ojú ṣe tì mí lọ. Tòkunbọ̀ yẹn la mú. Bàbá náà ní òun ò ní jẹ́ kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù àfi tí a bá mú ìwé àṣẹ wá, ó sì bá wa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ní ìgbà kẹrin, ọlọ́pàá tó jókòó sídìí tábìlì béèrè ohun tí a fẹ́ fi ìbọn ṣe. Mo ní àwòdì ń kó òròmọdìyẹ wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ìyá òun nílé. Ó wá gbé bírò. "Orúkọ ta ni kí n kọ sí i?"

Mo la ẹnu láti pe orúkọ ara mi. Mo rántí páálí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ní, "Orúkọ ìyàwó mi ni kí ẹ kọ. Òun ló mọ̀ ọ́n yìn."

 Nígbà tí a gba ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù tí a ń rìn bọ̀, ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú láti ojú títì títí a fi dé àdúgbò wa, ohun tí kì í ṣe níta.

Onílé ló kù. Alhaji ni, wọ́n ń ti ìrun àsárì bọ̀ nígbà tí wọ́n rí ohun tí a gbé. "Ìbọn? Nínú ilé mi?"

Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó na ìwé àṣẹ sí wọn. Ó ṣàlàyé pé apá orí ọ̀pẹ nìkan lòun yóò máa kọjú rẹ̀ sí, níbi tí kò sí ilé lẹ́yìn, àti pé òun ò ní yìn ín bí ọmọdé kan bá wà níta. Alhaji ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Alhaji gbé àga wá sẹ́yìn ilé. A jókòó títí oòrùn fi mú wa. Lójijì àgbébọ̀ kan ké, àwọn ọmọ rẹ̀ sá wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Àwòdì ti bà. Ìyàwó mi kò kánjú. Bí ẹyẹ náà ṣe na ìyẹ́ láti sọ̀ kalẹ̀ ló yìn ín. Ìyẹ́ kan ṣoṣo já bọ́. Àwòdì ta gìrì, ó yí padà lófuurufú, ó gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Oko Ọba lọ, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣa ìfun ẹran jẹ.

Alhaji ní, "O tàsé rẹ̀."

"Rárá o, bàbá. Ẹ̀rù ni mo fẹ́ kó bà á. Tí mo bá pa á, òmíràn á wá gba àyè rẹ̀. Èyí tó ti jìyà níbí ni yóò máa sọ fún àwọn yòókù."

Àwòdì náà tún wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì gba èsì kan náà. Lẹ́yìn náà a kò rí i lórí ọ̀pẹ mọ́. Àwọn òròmọdìyẹ méjìlá tó ṣẹ́kù dàgbà, wọ́n di àgbébọ̀ àti àkùkọ. Nígbà tó yá, Alhaji fúnra wọn kó àgbébọ̀ mẹ́rin wá fún wa, wọ́n ní kí a máa bá àwọn sìn wọ́n, kí a máa pín ọmọ wọn. Wọ́n tún ní kí a fi igi yí gbogbo ilẹ̀ náà ká, kí a máa lò ó.

Ní Sátidé ìmọ́tótó, tí kò sí ẹni tó lè jáde, a máa ń tètè gbálẹ̀ tán, ìyàwó mi á sì gbé páálí tó ya òbìrí sí ti ìdí ọ̀pẹ, á máa kọ́ mi. "Ẹ má fa irin ìyìnbọn yẹn bí ẹni tó ń fa okùn kànga. Ẹ rọra." Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó ba òbìrí náà. Nígbà yẹn mo ti ń gbé ẹyin lọ sí Aláúsá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rà á lọ́wọ́ mi sì ti mọ ọjọ́ tí mo máa ń wá.

Ní ọdún kejì, ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí àwọn díẹ̀ nínú wa padà. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, mo lọ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó béèrè èsì tí mo fún wọn.

"Mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ nílé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí aṣọ tó ń rán. Èmi náà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo lọ pọnmi fún àwọn adìyẹ.