Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Létí Ìró Mi

Òjò àárọ̀ ọjọ́ náà kò le, ṣùgbọ́n kò dá. Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló ń rọ̀, ilẹ̀ Ìwó sì ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi, dírẹ́bà ọkọ̀ ẹrù, ń lọ síbi ìkómọ lágboolé àwọn ìyá rẹ̀, níbi tí wọ́n ṣì ń bọ òrìṣà, tí ẹmu kì í sì í wọ́n. Kó tó jáde, ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí mi.

"Ìyá ọmọ mi, gbà. Bí mo bá dé tí ẹ̀rín mi pọ̀ jù, má fún mi o."

Bó ti máa ń ṣe nìyẹn. Mo so ó mọ́ etí ìró, mo padà sídìí àkàrà tí mò ń dín.

Ibi ìkómọ ló wà tí wọ́n wá sọ fún un pé ẹrù Ìbàdàn dé, bàbá tó ni ọkọ̀ ń wá a. Ó sì ti mu. Ṣùgbọ́n ta ní í ránṣẹ́ "n kò lè ṣe é" sí àgbà? Ó ní òun yóò fúnra òun lọ dọ̀bálẹ̀. Ó débẹ̀, bàbá ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kò sí ìjókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ́ gbà á dúró. Ló bá gun ọkọ̀ tó wà níwájú ilé, ó jókòó sídìí sítíárìn. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti gbóòórùn ẹmu lẹ́nu rẹ̀ tó mú un.

Ní kóòtù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń wádìí: ṣé ó fẹ́ wa ọkọ̀ ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni, láísẹ́ńsì rẹ̀ á sì lọ.

Ọlọ́pàá ní, "Ta ní í jókòó sídìí sítíárìn tí kò fẹ́ wa ọkọ̀?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹni tí òjò ń pa, tí kò sì ríbi jókòó ni, sà. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ẹ̀yìn ọkọ rẹ lo máa wà. Ta ló tún rí i?"

Bàbá onímọ́tò dìde, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ẹni tí kì í jókòó níbi tí wọ́n bá gbé ẹmu sí.

"Èmi ni. Nígbà tí wọ́n mú un lọ, mo lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí nídìí àkàrà. Etí ìró ló ti tú u. Kó tó fún mi, ó kọ́kọ́ bi mí bóyá èmi náà kò ti ibi ìkómọ bọ̀."

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín, ọlọ́pàá náà pẹ̀lú.

Adájọ́ ní, "Ẹmu wà níkùn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwakọ̀ kò sí lọ́kàn rẹ̀. Ẹ máa lọ sílé. Kó má tún jókòó síbẹ̀ mọ́ o."

Lójú ọ̀nà, ọkọ mi ní, "O tiẹ̀ bú bàbá."

"N kò bú wọn. Mo bi wọ́n ni."

Lọ́jọ́ kejì, mo ra àpótí lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá onímọ́tò. Mo ní kí ọkọ mi jókòó kí n wò ó. Àpótí náà gbà á dáadáa.